Bàbá A, Ìyá B, Ọmọ O: Ẹjọ́ Ta Ni?

Ìbéèrè

Àǹtí Láàbù, okun o. Ìlú Ìyàrà ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ilé-ìwé ní ká mú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa kẹta wá kí wọ́n tó gbà á wọlé. Èsì dé: irú ẹ̀jẹ̀ O. Èmi A ni mí, ìyàwó mi B. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó bá wa lọ gba èsì ní bí A bá pàdé B, AB ló yẹ kó jáde, ta ló wá ni O? Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wo ọmọ náà bíi pé ó ṣi ilé wọ̀. Wọ́n ní ó tún dúdú ju èmi àti ìyá rẹ̀ lọ, pé ẹni bíni là á jọ. Wọ́n ti dá ìpàdé ẹbí, tí a bá ti kó kaṣú tán. Ṣé kí n lọ ṣe DNA, àyẹ̀wò tó ń sọ ẹni tó jẹ́ bàbá ọmọ, àbí kí n dákẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èdè dókítà dá mi lóhùn.

*

Okun o, bọ̀dá. A àti B lè bí O. Ó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, mo sì ti rí i ní láàbù wa ní Kàbbà níbí títí ó ti sú mi. Èsì yẹn kò sọ nǹkan kan nípa ìwà ìyàwó yín.

Ẹ wò ó báyìí. Lẹ́tà kan ni wọ́n kọ sórí káàdì yín, àmọ́ méjì ló wà lára yín: bàbá yín fún yín ní ọ̀kan, ìyá yín fún yín ní ọ̀kan. A máa ń hàn nínú àyẹ̀wò. B náà máa ń hàn. O kì í hàn tí A tàbí B bá wà níbẹ̀. Ẹni tí káàdì rẹ̀ sọ pé A, ó lè ní A méjì, ó sì lè ní A kan pẹ̀lú O tó sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni B. Ẹni O nìkan ni kò ní nǹkan tó fi pamọ́, O méjì ló ní.

Ká ní ẹ ní A àti O, ìyàwó yín ní B àti O. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ bímọ, ọ̀kan ṣoṣo nínú méjì yín lẹ máa fún ọmọ, òun náà ọ̀kan nínú méjì tirẹ̀. A pẹ̀lú B di AB. A pẹ̀lú O di A. B pẹ̀lú O di B. O pẹ̀lú O di O. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní àǹfààní kan náà láti jáde. Ibi tí ẹ̀gbọ́n yín ti ṣìnà ni pé AB nìkan ló rí.

Nílẹ̀ Yorùbá, O ló pọ̀ jù nínú irú ẹ̀jẹ̀, ó tó nǹkan bí ìdajì àwọn èèyàn. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé púpọ̀ jù lọ nínú àwọn A àti B tó ń rìn kiri ọjà wa ló gbé O pamọ́ sára. Ọmọ O láti ara bàbá A àti ìyá B kì í ṣe ìyanu rárá. Láti 1901 tí Karl Landsteiner, dókítà ará Austria, ti kọ̀wé nípa irú ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ náà ti wà ní gbangba. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1930. Àwọn ẹbí ni kò tíì gbọ́.

*

Ọkùnrin kan láti Mọ̀pà ti dojú ìjà kọ mí lórí ìdáhùn yẹn. Ó ní nọ́ọ̀sì kan sọ fún òun pé ọmọ O kò lè wá àfi kí bàbá tàbí ìyá jẹ́ O, pé mo ń gbè sẹ́yìn obìnrin bíi tèmi.

Mo mọ ibi tí irú èrò yẹn ti ń wá. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ti bàbá àti ti ìyá máa ń pò mọ́ra, pé ohun tó bá jáde gbọ́dọ̀ wà láàárín méjèèjì. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń pò ni, lẹ́yìn ìran mélòó kan gbogbo wa ì bá ti rí bákan náà. Wọn kì í pò. Ohun tí a jogún, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní jíìnì, odindi ló ń wọlé, odindi ló sì ń jáde. Ó lè wọ inú ilé kan kó má hàn fún ìran méjì, kó wá yọjú lára ọmọ-ọmọ.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ inú wa ti fojú ara yín rí i. Ẹ gbin àgbàdo funfun, aládùúgbò yín gbin pupa sí ẹ̀gbẹ́ yín, afẹ́fẹ́ gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó tirẹ̀ wá sórí tiyín. Ẹ ya àgbàdo funfun yín, ẹ bá hóró pupa láàárín rẹ̀. Ẹ wá ṣa àwọn hóró pupa yẹn, ẹ gbìn wọ́n lọ́tọ̀ níbi tó jìnnà sí àgbàdo mìíràn. Nígbà ìkórè, hóró funfun á tún yọ jáde lára wọn, bẹ́ẹ̀ pupa nìkan lẹ gbìn. Níbo ni funfun wà láti àárọ̀? Inú pupa náà ló wà.

Gregor Mendel, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kátólíìkì tó gbé ní Brno, ìlú tó wà ní Czech Republic lónìí, ló jókòó ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní hóró-hóró. Irú ẹ̀wà kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní pea ló fi ṣe tirẹ̀. Ó so ẹ̀wà roboto pọ̀ mọ́ ẹ̀wà tó hunjọ, gbogbo ọmọ wọn jẹ́ roboto. Ó jẹ́ kí àwọn ọmọ náà bímọ, ó wá kà 5,474 roboto àti 1,850 tó hunjọ. Mẹ́ta sí ẹyọ kan, bí ẹ bá pín in. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1866, kò sẹ́ni tó kà á sí, ó kú ní 1884, àfi ní 1900 kí àwọn mìíràn tó wá rí i pé òótọ́ ni.

Ará Mọ̀pà, ẹ wò ó, nọ́ọ̀sì yín lè ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó fara pẹ́ òótọ́. Àwọn èsì kan wà tó yẹ kó mú wa béèrè ọ̀rọ̀. Bí bàbá tàbí ìyá bá jẹ́ AB, ọmọ kì í sábà jẹ́ O, torí pé AB kò ní O láti fúnni. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ O, tí ọmọ jẹ́ A, ìyẹn náà kò bọ́ sí i. Àmọ́ èmi tí mo ń jókòó nídìí iṣẹ́ yìí, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń fura sí nírú ìgbà yẹn ni káàdì, kì í ṣe obìnrin. Orúkọ ń pààrọ̀ lára ìgò. Èèyàn ń gba èsì ẹlòmíràn lọ sílé. Ọ̀pọ̀ sì ń pe ohun tí wọ́n rántí láti ìgbà tí wọ́n wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ní irú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe fún ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan náà kẹ́ ẹ tó la ẹnu. Kódà lẹ́yìn ìyẹn, àwọn díẹ̀ wà láyé tí àyẹ̀wò lásán ń pè ní O tí wọn kì í ṣe O gidi. Bombay ní India ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú wọn, ní 1952. Wọ́n ṣọ̀wọ́n, àmọ́ wọ́n wà.

Ti pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn lẹ́tà irú ẹ̀jẹ̀ náà rèé, kí ẹnì kan má baà tún fi dá ìjà sílẹ̀: bàbá pọ́sítíìfù àti ìyá pọ́sítíìfù lè bí ọmọ nẹ́gẹ́tíìfù. Ìdí kan náà ni.

*

Ìyá kan láti Ẹ̀gbẹ̀ béèrè pé ọmọ òun obìnrin O ni, ṣé ó lè fẹ́ ọkùnrin AS?

Màmá, ìbéèrè méjì ló wọnú ara wọn yìí o. A tó wà nínú irú ẹ̀jẹ̀ àti A tó wà nínú jínótáìpù kò bára tan rárá. Irú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn A, B, AB àti O, ń sọ ohun tó wà lára sẹ́ẹ̀lì pupa láti ìta, òun la fi ń mọ ẹni tó lè fúnni lẹ́jẹ̀. Jínótáìpù, ìyẹn AA, AS, SS, AC, SC, ń sọ irú hìmóglóbìn tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì náà, èròjà tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Ẹnì kan lè jẹ́ O kó sì jẹ́ AS. Tí ọmọ yín bá fẹ́ lọ́kọ, jínótáìpù rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ wò. Tó bá wá jẹ́ O nẹ́gẹ́tíìfù, tí ọkọ jẹ́ pọ́sítíìfù, kò ní kí wọ́n má fẹ́ra, ẹ ṣáà sọ fún àwọn agbẹ̀bí láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn tó bá bí ọmọ pọ́sítíìfù, kí oyún tó ń bọ̀ má baà ní ìṣòro.

Jínótáìpù gan-an ló yẹ ká máa jà lé lórí níhìn-ín. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. AS kì í ṣe àìsàn. AS fẹ́ AA, kò sí SS nínú ọmọ wọn. AS fẹ́ AS ni wàhálà: nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kó jẹ́ SS, ìyẹn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ má sì gbójú fo C. Láàárín àwa Yorùbá, C wọ́pọ̀ ju bó ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Nàìjíríà lọ. AS fẹ́ AC, ọmọ lè jẹ́ SC, àìsàn lòun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń fúyẹ́ ju SS lọ.

Lórí ìdá kan nínú mẹ́rin yìí, ohun méjì ni mo ń gbọ́, méjèèjì ló ń bí mi nínú. Àwọn kan ní, "A ti bí mẹ́ta tí ara wọn le, ẹ jẹ́ ká dúró, ìkẹrin ló máa jẹ́ SS." Àwọn mìíràn ní, "A ti bí SS kan, ọ̀rọ̀ ti tán, àwọn tó kù á bọ́." Rárá. Oyún kò mọ iye tó ṣáájú rẹ̀. Oyún kìíní, ìdá kan nínú mẹ́rin. Oyún keje, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ilé kan wà nítòsí wa tí ọkọ àti ìyàwó jẹ́ AS, ọmọ márùn-ún, kò sí SS kankan, wọ́n sì ń fi ara wọn ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọ̀dọ́ pé ìfẹ́ ló ṣe pàtàkì. Ilé mìíràn, ọmọ méjì àkọ́kọ́ ló jẹ́ SS. Tí ọgọ́rùn-ún tọkọtaya AS bá bí ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, nǹkan bí 32 nínú wọn ni kò ní rí SS rárá. Méjìdínláàádọ́rin tó kù kì í dìde jẹ́rìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Nípa ìwé jínótáìpù tí pásítọ̀ ń gbà kó tó so yín pọ̀: ẹ ṣe é níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo mọ tọkọtaya kan tí ìwé ọkọ sọ pé AA, ọmọ wọn àkọ́kọ́ kò tíì pé ọdún kan tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, AS lọkọ. Ṣé láàbù náà purọ́ ni? Ó lè jẹ́ àìbìkítà, ó lè jẹ́ pé iná lọ láàárín iṣẹ́. Iná mànàmáná la fi ń fa hìmóglóbìn lórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, A ń sáré ju S lọ, S ń sáré ju C lọ. Tí iná bá ń ṣe ségesège, tí ẹni tó ń wò ó sì ń kánjú, ìlà méjì á di ọ̀kan lójú rẹ̀. Ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ sára láàárín oṣù mẹ́ta kó dúró ná, torí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn la máa kà. Ọmọ tuntun náà, hìmóglóbìn inú oyún ṣì kún ara rẹ̀. Àfi ibi tí wọ́n bá ní ẹ̀rọ tó wà fún ọmọ ọwọ́, ẹ dúró di oṣù mẹ́fà.

*

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìyàrà. Wọ́n ní ọmọ náà dúdú.

Àwọ̀ ara kì í ṣe ẹyọ jíìnì kan bíi ti irú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ jíìnì ló ń pawọ́ pọ̀ ṣe é, èyí dá díẹ̀ kún un, èyí yọ díẹ̀ kúrò. Bàbá pupa àti ìyá pupa, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè ní díẹ̀díẹ̀ tó ń mú ni dúdú lára, kí ọmọ kan wá ṣe kòńgẹ́ gbogbo rẹ̀. Ìdajì ohun tí ẹ ní lẹ ń fún ọmọ, kì í sì í ṣe ìdajì kan náà lẹ ń fún gbogbo wọn. Kírómósómù, ìyẹn okùn tó gbé jíìnì wa, 46 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa, oríṣi 23 ní méjì-méjì, àwa sì ń yan ọ̀kan-ọ̀kan fún ọmọ láìmọ̀. Ọ̀nà tí yíyàn yẹn lè gbà wáyé fún òbí kan ṣoṣo ju 8,000,000 lọ. Ẹ wá ń bi mí ìdí tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò fi jọra.

Àwọn ìyá wa mọ èyí tipẹ́. Wọn kì í wo ojú ọmọ tuntun kí wọ́n tó sọ àwọ̀ rẹ̀, etí ni wọ́n ń wò, àti ìdí èékánná, torí ọmọ ń wá pupa ó sì ń dúdú sí i. Ẹni bíni là á jọ, òótọ́ ni. Ìyá bàbá yín náà wà lára àwọn tó bí yín, bọ̀dá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà bí òun náà kò bá dúdú.

Ti àfín tún wà. Ọkọ dúdú, ìyàwó dúdú, ọmọ àfín. Mo ti gbọ́ pé ìyá rìn lọ́sàn-án gangan nígbà oyún, mo ti gbọ́ pé òyìnbó ló bá a lò. Bàbá àti ìyá gbé jíìnì kan náà pamọ́ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn ò mọ̀, ọmọ wá gba méjèèjì. Ìdá kan nínú mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ni fìlà gbígbòòrò, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, àti ìjókòó iwájú pátápátá ní kíláàsì, torí ojú wọn kì í sábà ríran jìnnà.

*

Obìnrin kan láti Ìsánlú kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀, ó ní kí n dá òun lóhùn ní gbangba. Ọmọbìnrin mẹ́rin. Ọkọ fẹ́ fẹ́ ẹlòmíràn tó máa bí ọkùnrin.

Ìyá ní kírómósómù X méjì, X nìkan ló lè fi sílẹ̀. Bàbá ní X kan àti Y kan. Tó bá fi X sílẹ̀, obìnrin, tó bá fi Y sílẹ̀, ọkùnrin. Nettie Stevens, obìnrin ará Amẹ́ríkà, ló fi kòkòrò inú ìyẹ̀fun fi í hàn ní 1905. Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé a ń wá ẹni tí a máa dá lẹ́bi, ọ̀dọ̀ ọkọ ló ń lọ. Àmọ́ bàbá náà kò yan nǹkan kan. Ìyàwó tuntun á wọlé, àǹfààní á ṣì wà bákan náà, ìdajì sí ìdajì, owó ilé-ìwé nìkan ló máa lé sí i.

*

Àgbà kan láti Ògìdì ní a ti sọ gbogbo nǹkan di jíìnì, pé àbíkú ńkọ́? Ó ní òun fojú òun rí ọmọ tí wọ́n sàmì sí lára nígbà tó kú, tó tún padà wá pẹ̀lú àmì náà.

Bàbá, mi ò ní bá yín jiyàn ohun tí ẹ rí. Ohun tí mo lè sọ ni pé àpá tí wọ́n fi ọ̀bẹ dá kì í wọnú jíìnì. August Weismann, ará Jámánì, gé ìrù eku láti ìran dé ìran, ìrù gígùn ni àwọn ọmọ wọn ń mú wáyé títí ó fi sú u. Ẹ̀yin náà ẹ wo àwọn bàbá wa tó kọlà tó jinlẹ̀, ta ló bí ọmọ tó gbé ilà jáde? Ọmọ lè gbé àmì ìbílẹ̀ wá, èyí tó pọ̀ nínú ọmọ tuntun, ojú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ á sì bá a mu.

Àwọn tí à ń sọ ní Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé, ọ̀pọ̀ nínú wọn lè jẹ́ SS. Kì í ṣe gbogbo wọn. Ibà pa ọmọ, ìgbóná pa ọmọ, èéyi pa ọmọ ní ayé ìgbà yẹn. Àmọ́ ilé kan tí ọmọ ti ń kú léraléra kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún, tí ara wọn ń ro wọ́n, tí ojú wọn ń pọ́n bí ọsàn, tí àwọn tó wà láàárín wọn sì ń gbé láìsí wàhálà, mo fẹ́ wo jínótáìpù bàbá àti ìyá ná kí n tó wo ibòmíràn.

Kí ló dé tí S fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa tó bá jẹ́ apani? Dókítà Anthony Allison kọ ìdáhùn rẹ̀ ní 1954: ọmọ tó jẹ́ AS, ibà kì í rí i pa bó ṣe ń pa AA. Ẹ̀fọn kò jẹ́ kí S run. Níbi tí ibà ti pọ̀, bí àwọn ìlú ẹ̀bá Odò Ọya wọ̀nyí, AS ń yè, ó ń bímọ, ó ń fi S sílẹ̀ fún wọn. SS ló ń san owó rẹ̀. Ohun tó wá yàtọ̀ láàárín A àti S gan-an kéré: onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Vernon Ingram rí i ní 1956 pé ẹyọ èròjà kan ṣoṣo ló yí padà nínú okùn gígùn hìmóglóbìn.

Ọmọ SS kò sì gbọ́dọ̀ kú mọ́ lónìí. Oògùn ibà tó ń gbà déédéé, fólíkì, omi mímu dáadáa, abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti oògùn tó ń jẹ́ hydroxyurea lábẹ́ ojú dókítà. Mo mọ SS tó ti ní ọmọ-ọmọ.

*

Ti ìbejì, kíákíá, torí ọkùnrin tó béèrè bóyá ìyàwó òun á bí ìbejì nítorí pé ìyá òun jẹ́ ìbejì ti ń bínú. Ìbejì tó jọra bí ẹni gé e kì í sábà rìn nínú ẹbí. Èyí tí wọn kò jọra, ara ìyá ló ti ń wá, torí ìyá ló ń sọ ẹyin méjì sílẹ̀. Bí ìyá yín bá jẹ́ ìbejì, bọ̀dá, kò ní kí ìyàwó yín bí ìbejì. Ọmọbìnrin yín ni kẹ́ ẹ máa wò. Ìgbó-Ọrà ló gba orúkọ rẹ̀ káàkiri ayé, àmọ́ àwa náà kò kẹ́yìn.

*

Bàbá ọmọ ti padà wá. Ó ní òun ti tún àyẹ̀wò ṣe fún ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bákan náà ló jáde: A, B, O. Ó tún wá káàdì tí ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀ fi gba ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ kan, O ló wà níbẹ̀.

Bọ̀dá, ẹ ti parí ẹjọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín pè. Ìyá yín jẹ́ O, O nìkan ló ní láti fún yín. A tiyín ọ̀dọ̀ bàbá yín ló ti wá, O ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, kò sí iyèméjì. Ìyàwó yín náà, òun ló bí ọmọ O yìí, ìyá tí kò ní O kò lè bí i, nítorí náà B pẹ̀lú O lòun. Bí mo ṣe kọ ọ́ nínú ìdáhùn mi àkọ́kọ́ gan-an lẹ rí. Kẹ́ ẹ sì tún bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ìyá kan náà ló bí òun náà. Irú ẹ̀jẹ̀ yòówù kó jẹ́, O tí wọ́n ń bi ọmọ léèrè yìí wà lára òun fúnra rẹ̀.

Mi ò ní tàn yín o. Èyí kò fi hàn pé ẹ̀yin lẹ bí ọmọ. Irú ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé ẹnì kan kò lè jẹ́ bàbá, kò lè sọ pé òun ni, torí púpọ̀ jù lọ nínú ará ìlú ló ní O, yálà ó hàn tàbí ó sá pamọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀sùn tí wọ́n gbé wá kò ní ẹsẹ̀ tó fi dúró.

*

Mẹ́ta nínú yín ṣì ní kó ṣe DNA "kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀". Mo lòdì sí i, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí.

Àyẹ̀wò náà kò le. Wọ́n á fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá àti ọmọ, ó dára tí ìyá bá wà níbẹ̀, wọ́n á fi bí ogún ibi wéra nínú DNA wọn. Ní ibì kọ̀ọ̀kan, ọmọ gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan tó bá ti bàbá mu. Tí ibi tó pọ̀ kò bá bára mu, kì í ṣe bàbá. Tí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, wọ́n á kọ 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ohun tó le ni ohun tí ẹ máa ṣe pẹ̀lú ìwé náà. Ọmọ kẹta ni wọ́n ń bi léèrè lónìí. Tó bá jáde pé tiyín ni, ṣé ẹ rò pé wọn kò ní ní kẹ́ ẹ tún ṣe ti èkejì? Ìyàwó yín á sì mọ̀ pé ẹ lọ. Tí ẹ̀yin fúnra yín bá ní ìdí mìíràn tí ẹ fi ń ṣiyèméjì, ìyẹn wà láàárín ẹ̀yin àti rẹ̀, ẹ jọ sọ ọ́, ẹ jọ lọ. Kò kan ìpàdé ẹbí. Ní ti òfin, Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gbà pé ọmọ tí obìnrin bí nígbà tó wà nílé ọkọ, ti ọkọ náà ni, àfi kí ẹnì kan mú ẹ̀rí tó ju ti ojú lásán wá.

Ẹ mú káàdì mẹ́rin lọ síbi ìpàdé: tiyín, ti ìyàwó, ti ọmọ, ti ìyá yín. Ẹ fún ẹ̀gbọ́n yín ní ti ìyá yín kó kà á sókè. Ẹ má mú ọmọ náà dání.

*

Ẹni tó béèrè bóyá kí òun gbààwẹ̀ kí òun tó wá wo irú ẹ̀jẹ̀ àti jínótáìpù: rárá. Ti ṣúgà lẹ ń rò. Ẹ jẹun yó kẹ́ ẹ tó wá, àwọn tí kò jẹun ló ń ṣubú lulẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.